Ìlà Ọrùn Ọwọ́ Òmùwẹ̀

Omi ló ṣáájú ọkùnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó ń kán tó-tó-tó láti ara aṣọ rọ́bà dúdú tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, ọkùnrin náà sì ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ sìmẹ́ǹtì bí ẹni tó ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn dúró lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ẹ̀kán omi tó wà nínú irun rẹ̀ sì ń dán yinrin. Ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí pẹdàlì. Abẹ́rẹ́ rán aṣọ ìbòrí ọkọ̀ ojú omi kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí.

"Ta ló ń da omi sí mi nílẹ̀?" Bàbá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ láti yàrá ẹ̀yìn, níbi tó ti ń gé aṣọ.

"Èmi ni, sà. Ẹ má bínú. Òmùwẹ̀ ni mí, àwa la máa ń tún abẹ́ ọkọ̀ ṣe ní èbúté."

"Mi ò bi ọ́ níṣẹ́ tí ò ń ṣe. Mo ní ta ló máa nù ún."

Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Òmùwẹ̀ rí i pé ẹ̀rín ló ń pa mọ́, òun náà sì bú sẹ́rìn-ín. Alábẹ́rẹ́ ni gbogbo èbúté ń pe ọmọbìnrin yìí, nítorí kò sí ohun tó ya tí kò lè rán. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ níka lẹ́ẹ̀mejì.

Òmùwẹ̀ gbé aago kan sórí tábìlì. Kì í ṣe aago tó ń sọ àkókò. Bí omi ṣe jìn tó lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn ló ń sọ. Okùn ọwọ́ rẹ̀ ti já. Alábẹ́rẹ́ mú awọ tó le jáde, ó mú ìdè onírin mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà mi orí.

"Aṣọ tí mo wọ̀ yìí máa ń sún kì ni. Bí mo bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi á máa tẹ̀ ẹ́, á máa fẹ́lẹ́. Tí okùn bá le, á wá tóbi jù mí lọ́wọ́, aago á máa yí kiri. Okùn rọ́bà ni mo fẹ́. Bí aṣọ bá ṣe ń sún kì, òun náà á máa sún kì tẹ̀lé e."

"Okùn tó ń tẹ̀lé èèyàn lọ sísàlẹ̀ omi. Ẹ ṣe jẹ́jẹ́ o, kó má lọ bá yín délé."

"Tó bá jẹ́ ọwọ́ yín ló ti wá, kó máa bọ̀."

Bàbá wúkọ́ láti ẹ̀yìn.

Ihò mẹ́rin ló wà létí aago náà, méjì lápá kan, méjì lápá kejì. Alábẹ́rẹ́ gé okùn rọ́bà méjì, ó fi iná láítà jó ẹnu wọn kí òwú wọn má baà tú, ó sì ki wọ́n bọnú ihò. Méjì ni, torí pé bí ọ̀kan bá já, èkejì á gbé aago dúró. Nígbà tó fẹ́ ta kókó, ọkùnrin náà na ọwọ́ òsì sí i.

"Ẹ fún un pọ̀ dáadáa. Tó bá ń dùn mí díẹ̀ lórí ilẹ̀, a jẹ́ pé ó máa dúró lábẹ́ omi."

Alábẹ́rẹ́ fún un. Ó so òwú pupa tín-ín-rín sí ojú ibi tí kókó wà, kí ó lè máa rántí ìwọ̀n náà nígbàkigbà tó bá tún un ṣe, nítorí iyọ̀ òkun kì í jẹ́ kí rọ́bà pẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọkùnrin náà mú aago mìíràn wá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tún mú ti àkọ́kọ́ padà wá.

"Kí ló ṣe é? Ó já ni?"

"Kò já. Mo ní kó wá kí ìyá ẹ̀."

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Tí iṣẹ́ bá parí nírọ̀lẹ́, wọ́n á máa rìn lórí ògiri èbúté. Ọkùnrin náà á bọ́ sápá ọ̀tún níbi tí ìgbì ti ń ta sókè, Alábẹ́rẹ́ á wà lápá òsì níbi tó gbẹ. "Abẹ́rẹ́ mi," ni yóò pè é. "Olómi," ni òun náà yóò dáhùn. Ó máa ń sọ fún un bí abẹ́ ọkọ̀ ṣe rí, bí ó ṣe dákẹ́ rọ́rọ́ níbẹ̀, tí èèyàn á máa gbọ́ èémí ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń sùn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n Bàbá ò gbà. Kò bínú, kò sì pariwo. Ó kàn gbé sísọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà wá sọ pé òun fẹ́ fi Alábẹ́rẹ́ ṣaya.

"Ọmọ dáadáa ni ọ́. Àmọ́ mi ò ní jẹ́ kí ọmọ mi máa dúró lẹ́bàá èbúté, kó máa ka ìṣẹ́jú. Ọjọ́ tí o bá fi omi sílẹ̀, wá mú un."

Nígbà tí wọ́n jáde, ọkùnrin náà di ọwọ́ Alábẹ́rẹ́ mú. "Jọ̀wọ́, ìwọ má ní kí n fi omi sílẹ̀. Ẹlòmíì lè sọ ọ́. Ìwọ má sọ ọ́."

"Mi ò ní sọ ọ́ láé," ni Alábẹ́rẹ́ wí. Òótọ́ inú rẹ̀ ló sọ.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn kéré bí ìka ọwọ́. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin náà ká apá aṣọ rọ́bà rẹ̀ sókè, Alábẹ́rẹ́ sì rí ìlà pupa yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ká, bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ fà á.

"Okùn mi ló ṣe èyí? Ó ń dùn ọ́?"

"Iṣẹ́ ni. Á lọ."

Kò lọ lọ́kàn Alábẹ́rẹ́. Nígbà tó ń pààrọ̀ okùn lẹ́yìn ìyẹn, tó kan ojú òwú pupa, àánú ṣe é. Ó dẹ̀ ẹ́, ìwọ̀n ìka kan péré, ó sì ta kókó síbẹ̀. Ọkùnrin náà wọ̀ ọ́ níwájú rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Kò dùn mí rárá lónìí," ló sọ. Ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì lọ síbi iṣẹ́.

Ọkọ̀ ńlá kan ni wọ́n ń yẹ abẹ́ rẹ̀ wò láàárọ̀ yẹn. Omi dọ̀tí. Bó ṣe ń ti ọwọ́ kọjá láàárín irin, aago yọ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń lọ sísàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ yẹn ì bá jẹ́ kó máa lọ. Òmùwẹ̀ tẹ̀lé e. Ó yára lọ sísàlẹ̀, kò dúró di imú kó fẹ́ atẹ́gùn sí etí bí wọ́n ti máa ń ṣe kí omi má baà fọ́ wọn létí. Ó rí aago náà mú. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fà á jáde, ẹ̀jẹ̀ ń ti etí òsì rẹ̀ wá.

"Aago tí a lè rà míì," ni ọ̀gá rẹ̀ ń tún sọ. "Kí lò ń lé?"

Òmùwẹ̀ di aago náà mọ́ àyà.

Dókítà ní ìlù etí ti ya, àti pé inú lọ́hùn-ún ti bàjẹ́. Etí òsì ò ní gbọ́ nǹkan mọ́ láé, kò sì gbọdọ̀ wọ abẹ́ omi mọ́. Wọ́n wá fi í sórí ọkọ̀, ó ń di okùn mú fún àwọn tó ń wọ omi.

Bàbá Alábẹ́rẹ́ ló múra jù lọ láti lọ kí i. "Ó dùn mí fún ọ, ọmọ mi. Àmọ́ wò ó, ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ ti kúrò. Ẹ wá mú ọjọ́ ìgbéyàwó."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Alábẹ́rẹ́ ju abẹ́rẹ́ lọ. Òun ló dẹ okùn. Ta ló máa gbà pé àánú ni? Tó bá jẹ́wọ́, ṣé ọkùnrin náà ò ní rò pé ńṣe lòun fẹ́ gbà á lọ́wọ́ omi, kí Bàbá lè yọ̀ǹda? Ó pa ẹnu mọ́. Nígbà tí ọkùnrin náà bá ní kí wọ́n mú ọjọ́, Alábẹ́rẹ́ á ní iṣẹ́ pọ̀. Oṣù mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀, ó di mẹ́rin, ó di márùn-ún.

Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́. Wọ́n ń rìn lórí ògiri èbúté, Alábẹ́rẹ́ wà lápá òsì bó ti máa ń wà. Ó rọra sọ ọ́ sí etí tí kò gbọ́: "Èmi ni mo dẹ okùn náà." Ọkùnrin náà ń wo omi, kò yí ojú padà. Alábẹ́rẹ́ délé, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ti jẹ́wọ́. Kò sùn. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, kì í sì í gbọ́ àwáwí.

Ní oṣù keje, ọkùnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù, ara rẹ̀ gbẹ táútáú. Bàbá yọjú, ó wo ilẹ̀, kò rí ohun tó máa bínú sí, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn.

"Òmùwẹ̀ tuntun mẹ́fà ti dé," ni ọkùnrin náà wí. "Wọ́n nílò okùn. Ọ̀gá ní ọ̀dọ̀ rẹ ni kí n mú aago wọn wá."

Alábẹ́rẹ́ gé okùn àkọ́kọ́, ó jó ẹnu rẹ̀. Nígbà tó kan kókó, ó ta á, ó tú u. Ó tún ta á.

"Mi ò lè so ó."

"Kí ló dé?"

Ó dìde, ó yí tábìlì po, ó wá dúró sí apá ọ̀tún rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀: ìlà pupa, ìka kan, etí òsì tó sọ ọ́ sí. "Kì í ṣe torí Bàbá. Mo fi ẹ̀mí mi búra. Ìlà yẹn ni mi ò lè máa wò."

Ẹ̀rọ Bàbá dákẹ́ ní yàrá ẹ̀yìn.

"Mo mọ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Láàárọ̀ yẹn gan-an ni mo ti mọ̀. Mo rí i pé ó dẹ̀. Ó yẹ kí n ní kí o tún un so. Mo rò ó pé ọwọ́ rẹ ló ṣe é, inú rẹ á bàjẹ́ tí mo bá ní kí o tú u, mo wá wọ omi bẹ́ẹ̀."

"O mọ̀? O sì ń wò mí fún oṣù méje?"

"Ìbéèrè kan ló wà lẹ́nu mi tí mi ò lè bi ọ́. Mò ń rò ó pé bóyá Bàbá rẹ ló ní kí o ṣe é. Ẹ̀rù ìdáhùn ló ń bà mí."

Alábẹ́rẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé ojú rẹ̀. "Kí lo wá ń lé aago sí? Ọ̀gá rẹ ṣì ń bi gbogbo èèyàn."

"Ta ló lé aago? Okùn ni mo lé."

Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú aago àtijọ́ jáde. Rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ, àmọ́ òwú pupa ṣì wà níbẹ̀, ìka kan sí kókó. Ó na ọwọ́ òsì sórí tábìlì.

"So ó sí ojú òwú."

"O ò wọ omi mọ́, Olómi."

"Mo mọ̀. So ó."

Ó gé okùn tuntun méjì, ó wọ̀n wọ́n mọ́ ti àtijọ́, ó sì fún wọn pọ̀ títí kókó fi dé ibi tí ó yẹ kó ti wà láti ọjọ́ yìí wá.

"Ó ń dùn ọ́?"

"Díẹ̀."

Ìka Alábẹ́rẹ́ ti ń lọ síbi kókó láti dẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ kejì lé e. "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Abẹ́rẹ́ mi."

"Oṣù tó ń bọ̀," ni Alábẹ́rẹ́ wí, jẹ́jẹ́. "Tí o bá ṣì fẹ́ mi."

"Ẹ gbóhùn sókè," ni Bàbá wí láti ẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, bí ohùn ẹni tó gbọ́ ohun tí kò retí nípa ara rẹ̀. "Oṣù wo lẹ wí?"

"Tó ń bọ̀, sà," ni ọkùnrin náà dáhùn.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ró, díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, àwọn méjèèjì jáde sórí ògiri èbúté. Ẹsẹ̀ Alábẹ́rẹ́ gbé e lọ sápá òsì bó ti máa ń ṣe. Ó dúró. Ó kọjá sẹ́yìn ọkùnrin náà, ó bọ́ sápá ọ̀tún, níbi tí ìgbì ti ń ta omi síni lára, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀.