Mọ́kàndínlọ́gọ́ta

Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ní Òkòkómáíkò, Hameedat tẹ orí ba, ó ń pín nọ́ńbà. Ìbéèrè tó kẹ́yìn nìyẹn: ṣé práìmù ni 30,031? Ìyẹn ni pé, ṣé kò sí nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù, yàtọ̀ sí oókan àti òun fúnra rẹ̀? Hameedat fi méjì pín in, ó ṣẹ́ ku oókan. Ó fi ẹ̀ta, àrún, èje, mọ́kànlá àti mẹ́tàlá pín in, oókan yẹn náà ló ń ṣẹ́ kù ṣáá, bí ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹni tó bá gba ipò kìíní nìkan ni wọn yóò rán lọ sí yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́, Hameedat ò sì ní ọ̀nà mìíràn. Ojú Àkàndé bàbá rẹ̀, tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Ọjà Àlàbá, ti ń ṣú. Nígbà tójú rẹ̀ ṣì dá, kò sí ohun tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n tí kì í fi mítà yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. A máa sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Èyí tó o bá fò, òun gan-an ló jóná."

Bẹ́ẹ̀ ni Hameedat ṣe ń fi àwọn nọ́ńbà práìmù nìkan pín in lọ, títí dé mẹ́tàléláàádọ́ta. Ó ṣẹ́ kù. Ó gbọ́dọ̀ dé 173 kó tó lè fọwọ́ sọ̀yà, nítorí 174 lọ́nà 174 ti ju 30,031 lọ, aago sì ń lọ. Moṣọpẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹsẹ̀ ta àga rẹ̀ látẹ̀yìn, ó na bébà pélébé sí i.

"Práìmù ni jàre. Expo tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù láàárọ̀ nìyẹn."

"Ṣó dá ẹ lójú?"

"Gbogbo wa la ti kọ ọ́. Àbí o fẹ́ sùn síbí ni?"

Ohun tó wà nínú bébà náà ni pé práìmù ni, nítorí kò sí nọ́ńbà láti méjì dé mẹ́tàlá tó lè pín in. Hameedat ti kọjá mẹ́tàlá tipẹ́, síbẹ̀ ó dà á kọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fagi lé orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ méje tí gbólóhùn kan náà, àṣìṣe kan náà, wà nínú ìwé wọn. Orúkọ Hameedat wà níbẹ̀. Ó lọ sọ fún bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kò fi nǹkan kan pa mọ́.

"Ibo lo dúró sí?" Àkàndé béèrè.

"Mẹ́tàléláàádọ́ta, bàámi."

"Èwo ló kàn?"

Hameedat fa páálí tẹlifíṣọ̀n kan mọ́ra, ó fi mọ́kàndínlọ́gọ́ta, práìmù tó kàn, pín 30,031 lórí rẹ̀. Ó lọ ní ìgbà 509 gééré.

"Ṣó ṣẹ́ kù?"

"Rárá, sà. Kò ṣẹ́ kù."

Àkàndé ò bá a wí. Ó ń táràrà wá mítà rẹ̀ lórí tábìlì, kò rí i, bẹ́ẹ̀ iwájú rẹ̀ ló wà. Ìyẹn ló pa Hameedat lẹ́kún. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni ń wá ìfà ń wá òfò. Ìṣirò kan péré ló kù fún ọmọ yìí, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe.