Ta Ló Ṣílẹ̀kùn fún Ìyá Alábẹ́rẹ́?

Ẹ má pe èyí ní àlọ́. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, obìnrin náà kì í sì í purọ́, àní fún aláìsàn tó ń sá fún abẹ́rẹ́. "Yóò dùn ọ́ o," ni yóò wí, yóò sì gún un.

Nọ́ọ̀sì ọgbà ẹ̀wọ̀n ni, òun nìkan fún ẹgbẹ̀ta ẹlẹ́wọ̀n. Ìyá Alábẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Oògùn kì í tó, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu jù. Ilẹ̀kùn onírin mẹ́ta ló wà láàárín yàrá iṣẹ́ rẹ̀ àti yàrá tí àwọn aláìsàn ń sùn sí. Ọrùn wọ́dà àgbà kan, Bàbá Kọ́kọ́rọ́, ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo wọn wà. Àìsàn kì í sì í dúró de kọ́kọ́rọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀. Télọ̀, ẹlẹ́wọ̀n kan tó ní àtọ̀gbẹ, nìkan ló wà ní yàrá aláìsàn. Ìyá Alábẹ́rẹ́ gún un ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó padà sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀, wọ́dà sì ti ilẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oúnjẹ ló yẹ kó tẹ̀lé abẹ́rẹ́ yẹn kíákíá. Bí oúnjẹ bá pẹ́, ṣúgà ara á já wálẹ̀, èèyàn sì lè gbabẹ̀ kú.

Fèrè dún. Wọ́n fẹ́ ka ẹlẹ́wọ̀n. Bí wọ́n bá ń kà wọ́n, gbogbo wọ́dà á lọ sẹ́yìn ọgbà, ilẹ̀kùn kankan kò gbọdọ̀ ṣí.

Ìyá Alábẹ́rẹ́ yíjú. Abọ́ oúnjẹ Télọ̀ rèé lórí tábìlì. Ẹni tó gbé e wá ti sáré lọ fún kíkà.

Ìyá Alábẹ́rẹ́ sáré sídìí ilẹ̀kùn. Ó ń fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn.

"Bàbá! Ẹ gbà mí o! Télọ̀ ò tíì jẹun!"

Òjò ló dá a lóhùn. Ó pè títí ohùn rẹ̀ fi há.

Òjò dákẹ́. Kò dá díẹ̀díẹ̀. Ó kàn dákẹ́, bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu.

Nígbà náà ló gbọ́ ọ. Kàtì. Ìró kọ́kọ́rọ́ nínú ihò.

Ilẹ̀kùn náà ṣí. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ padà. Ṣùgbọ́n ó gbé abọ́, ó mú ṣúgà, ó ń lọ. Kàtì. Ìkejì ṣí. Kàtì. Ìkẹta.

Télọ̀ wà nílẹ̀, òógùn bò ó, ojú rẹ̀ ti yí. Ìyá Alábẹ́rẹ́ fi omi díẹ̀ po ṣúgà, ó ń fìka pa á sí i nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà Télọ̀ mí kanlẹ̀, ó gbé itọ́ mì, ó lajú. Nígbà tó yá, ó jẹun.

Wọ́n gbọ́ tí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ń bọ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn kan. Ó ṣí èkejì. Ó ṣí ẹ̀kẹta. Ó rí nọ́ọ̀sì, ó dúró gbagidi.

"Màmá, ibo lẹ gbà wọlé?"

"Ẹnu ọ̀nà."

"Ẹnu ọ̀nà wo? Títì ni mo bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kọ́kọ́rọ́ ò kúrò lọ́rùn mi."

Télọ̀ ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré.

"Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n tún rí ojú àwọn ọmọ mi. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kejì yín náà."

"Ẹnì kejì wo?"

"Ẹni tó gbé orí mi lé itan nígbà tí ẹ ń fún mi ní ṣúgà. Ọwọ́ rẹ̀ tutù." Ó wo ẹ̀yìn nọ́ọ̀sì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ò tiẹ̀ ní wá a jìnnà. Ó ṣì dúró síbẹ̀."

Wọn ò bojú wẹ̀yìn. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ rọra ṣí fìlà. Ìyá Alábẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ níbi tó wà, ó dojú kọlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí. "A dúpẹ́ o."

Títí di òní, kò mọ ẹni tí òun kí.