Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn Peteru

"Ẹni tí yóò ṣe Peteru lọ́dún yìí," ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì wí, ó sì nawọ́ sí ìjókòó ẹ̀yìn, "Jẹ́jẹ́ ni."

Gbogbo kíláàsì àwọn ọ̀dọ́ ìjọ bú sẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n rò pé àwàdà ni. Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ògiri nìkan ló rí.

Rédíò kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti gbé ìdí díẹ̀ kúrò lórí àga, ó ti fẹ́ dìde gẹ́gẹ́ bó ti ṣe lọ́dún tó kọjá àti lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó rọra fa àga síwájú bí ẹni pé nǹkan tó tìtorí rẹ̀ gbéra náà nìyẹn, ó sì jókòó padà.

Ohùn rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Rédíò. Ó mọ́, ó ń dún dé títì, bàbá rẹ̀ sì máa ń sọ pé ohun kan ṣoṣo tí Ọlọ́run gbàgbé láti fi sí i ni ibi tí wọ́n ti ń pa á. Jẹ́jẹ́ ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ àbúrò ìyá Rédíò. Nígbà tí ìyá Jẹ́jẹ́ rí iṣẹ́ sí ìlú tó jìnnà, ó fi í sọ́dọ̀ wọn. Akólòlò ni. Bí ọ̀rọ̀ bá há a lẹ́nu, ìyá Rédíò a máa sọ fún un pé, "Jẹ́jẹ́, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kì í sá lọ." Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára.

"Àǹtí, ẹ má bínú o," ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà wí. "Ìwàásù Peteru gùn. Tí Jẹ́jẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Pẹ́ńtíkọ́stì, ọjọ́ Kérésì la máa ṣe àmín."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì pàápàá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa, agbẹjọ́rò. Lóru ọjọ́ tí wọ́n mú Jésù, kí ni Peteru ṣe?"

Rédíò ló yára dáhùn. "Ó sẹ́ ẹ."

"Lójú ta?"

"Ìránṣẹ́bìnrin kan, níbi tí wọ́n ti ń yáná."

"O ṣeun. Ọkùnrin tí ẹ̀rù ọmọdébìnrin bà, òun náà ló dìde lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́stì níwájú èrò tó ti oríṣiríṣi ilẹ̀ wá. Kí Ẹ̀mí Mímọ́ tó dé, inú yàrá tí wọ́n tìlẹ̀kùn rẹ̀ ló fara pamọ́ sí. Rédíò, ìwàásù rẹ dùn, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹ̀rù lójú ẹ rí. Ẹni tó mọ̀ bí ẹ̀rù ṣe ń rí ni mo fẹ́ lọ́dún yìí."

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ní ìjọ wọn nìyí. Láàárọ̀ Pẹ́ńtíkọ́stì, àwọn ọ̀dọ́ a fi bí Ìjọ ṣe bẹ̀rẹ̀ hàn. Ẹnì kan a wọ aṣọ pupa, a ṣe Peteru. Àwọn mọ́kànlá a tò sẹ́yìn rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ọkùnrin àti obìnrin. Àwọn ará ìjọ ni èrò. Nígbà tí Peteru bá wàásù tán, wọn a dìde, kálukú a sì béèrè ní èdè ilé ìyá tirẹ̀ pé kí ni kí àwọn ṣe. Peteru a wá dá wọn lóhùn. Lọ́jọ́ kejì, wọn a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́, nítorí àwọn tí kò lè dìde wá.

Ní ilé, ṣọ́ọ̀bù káfíńtà bàbá Rédíò wà nísàlẹ̀, yàrá wọn wà lókè. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Jẹ́jẹ́ ń fá pákó kan, ó sì ń fá a dán bí ẹni tí wọ́n bí sórí iṣẹ́ náà. Rédíò kò lè fá pákó kó má gbún. Bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ lójú àwọn oníbàárà pé ọwọ́ Jẹ́jẹ́ ló balẹ̀ jù nínú ilé yìí.

"Bọ̀dá," ni Jẹ́jẹ́ wí, "ẹ b-b-bá mi sọ fún Àǹtí pé mi ò ṣe."

Oṣù díẹ̀ péré ni Rédíò fi jù ú lọ, ṣùgbọ́n "ẹ" ló máa ń fi bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí Jẹ́jẹ́ sọ yìí dùn mọ́ Rédíò, ṣùgbọ́n ó ronú pé bí òun bá lọ jẹ́ iṣẹ́ yìí, Lọ́yà yóò sọ pé ìlara ló ń ṣe òun. Ó sì rò ó nínú ara rẹ̀ pé kò sí ohun tí òun ní láti ṣe, Jẹ́jẹ́ yóò fúnra rẹ̀ ṣubú.

"Jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀ ná," ló wí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló kọ ìwàásù náà ní èdè tí wọ́n ń sọ lójoojúmọ́. Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin ará, àwọn tí ẹ rí yìí kò m-m-m..." Ó há síbẹ̀. Rédíò ní kó fi kọrin. Kò lọ. Ó ní kó dijú. Kò lọ. Ó ní kó máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ẹsẹ̀ náà kólòlò. Níkẹyìn, ó sú u láti máa dúró, òun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. "Àwọn tí ẹ rí yìí kò mutí. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Ta ní í mutí kó tó jẹ búrẹ́dì?"

Àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ dé òpin. Ohùn Jẹ́jẹ́ lọ geere bí omi inú páìpù.

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n tún un sọ, ó tún lọ. Rédíò rẹ ohùn sílẹ̀ títí tó fi di èémí lásán, Jẹ́jẹ́ ṣì ń bá a lọ. Ìgbà tí Rédíò pa ẹnu dé pátápátá ni ọ̀rọ̀ tó há, bí ẹni pé ẹ̀rù ń bà á láti dá nìkan jáde.

"Mo ti rí i," ni Rédíò wí. Fún ìṣẹ́jú yẹn, ìdùnnú ìṣòro tó yanjú ló kún inú rẹ̀, kò rántí ìlara. "Èmi á dúró sẹ́yìn ẹ gan-an. Mo máa máa sọ ọ́ sábẹ́lẹ̀."

"Ẹ má sọ f-fún ẹnikẹ́ni."

"Kí ló dé?"

"W-wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

Rédíò gbà. Ṣùgbọ́n nígbà ìdánrawò àkọ́kọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ojú Àǹtí Nọ́ọ̀sì kún fún omijé. Lọ́yà bọ Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́, ó ní òun jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà. Ẹnikẹ́ni kò wo ẹni tó dúró lẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti ń rìn kiri nínú orí Rédíò bí eṣinṣin nínú yàrá: ta ló ń sọ ọ́ gan-an? Bí wọ́n bá kí Jẹ́jẹ́ ní títì, ìbéèrè náà a dìde. Bí bàbá rẹ̀ bá gé búrẹ́dì, tó kọ́kọ́ na ti Jẹ́jẹ́ sí i, a tún dìde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ìyá rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, gbé aṣọ pupa náà sórí tábìlì. Aṣọ tí Rédíò ti wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni. Jẹ́jẹ́ kúrú jù ú lọ, aṣọ náà sì ń wọ́ nílẹ̀ lára rẹ̀.

"Màámi, ẹ má gé e. Ẹ ṣáà ká a," ni Rédíò wí.

"Tí mo bá ká a, á wú sókè. Kí lo tún fẹ́ fi ṣe? O ti dàgbà kọjá ẹ̀."

Sísọ́ọ̀sì jẹ aṣọ náà lọ. Rédíò ń wo ìgbátí pupa náà bó ti já sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, èérún pákó lórí irun rẹ̀. Ó wo Jẹ́jẹ́ tó dúró lórí àpótí, ó sì mi orí. "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Lọ́la, ọmọ yìí á mú orí wa wú."

Rédíò wá inú ọkàn rẹ̀ bóyá bàbá òun ti sọ irú rẹ̀ fún òun rí. Kò rí i. Ohun tó máa ń gbọ́ ni pé kí òun rẹ ohùn sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́stì, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà. Jẹ́jẹ́ bọ́ síwájú nínú aṣọ pupa, àwọn mọ́kànlá tò sẹ́yìn rẹ̀, Rédíò sì sún mọ́ ọn débi pé ó ń rí òógùn ọrùn rẹ̀. Ó mí sínú. Wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará, ẹ fetí sí mi. Àwọn tí ẹ rí yìí kò mutí. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Ta ní í mutí kó tó jẹ búrẹ́dì?"

Ìjọ rẹ́rìn-ín. Rédíò rí bàbá rẹ̀ ní ìlà iwájú tó fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹni tó jókòó tì í, tó ń tọ́ka sí Jẹ́jẹ́. Ìbéèrè náà tún dìde: ta ló ń sọ ọ́ gan-an? Lọ́tẹ̀ yìí, Rédíò fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Ó pa ẹnu dé.

"Jésù tí ẹ k-k-k..." Jẹ́jẹ́ dúró. Ó fi etí wá ẹ̀yìn. "Tí ẹ k-k-k..." Ẹnì kan fi imú rẹ́rìn-ín, òmíràn ní kó ṣe ọkàn gírí. Jẹ́jẹ́ yí ọrùn díẹ̀, ojú rẹ̀ bá ojú Rédíò. Rédíò wo iwájú bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Nígbà tó pẹ́ tí kò sí ọ̀rọ̀, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ṣẹ́wọ́ sí Rédíò. Rédíò jáde síwájú, ó mú ọ̀rọ̀ náà níbi tó há sí, ó sì sọ ọ́ dé òpin láìṣi ọ̀rọ̀ kan sọ. Ìjọ dìde, wọ́n béèrè ní oríṣiríṣi èdè pé kí ni kí àwọn ṣe. Ó dáhùn pé, "Ẹ yí padà," ohùn rẹ̀ sì dún dé títì. Jẹ́jẹ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú aṣọ pupa, ó so ọwọ́ méjèèjì mọ́ ara wọn.

"Ọlọ́run ló lò ọ́ láti bo àṣírí wa," ni ìyá rẹ̀ ń wí nígbà tí wọ́n délé. Bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí. "O ṣe ọkùnrin lónìí."

Ohun tí Rédíò ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó yọ orí kúrò lábẹ́ ọwọ́ náà, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ó bá Jẹ́jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Kò fá pákó, ó jókòó lásán.

"O dákẹ́," ni Jẹ́jẹ́ wí. Kò pè é ní bọ̀dá.

"Ọ̀rọ̀ náà fò mí..."

"O d-dákẹ́. Mo gbọ́ ìgbà tí o dákẹ́." Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó kù tó jáde. "Mo ní k-kí o lọ sọ pé mi ò ṣe. Ìwọ lo ní k-ká gbìyànjú ẹ̀."

Rédíò gòkè lọ, ó sì sọ ọ́ lójú bàbá àti ìyá rẹ̀ bó ṣe rí. Bàbá rẹ̀ kò jágbe mọ́ ọn. Ó ṣáà gbé ọwọ́ kúrò lórí tábìlì, ó ní, "Lọ sọ fún Àǹtí rẹ." Ìyẹn dùn ún ju ẹgba lọ.

Lọ́jọ́ kejì, kí àwọn mọ́kànlá tó gbéra lọ sí ilé ìwòsàn, ó tún un sọ níwájú gbogbo wọn. Lọ́yà wò ó títí. "Ìwọ ọmọ yìí," ló wí, kò sì rí àwàdà fi kún un.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní, "Rédíò, lọ́jọ́ tí Peteru dìde, ṣé ó dá dúró ni?"

"Rárá, mà. Àwọn mọ́kànlá dúró tì í."

"Kí lo rò pé wọ́n dúró ṣe? Iná tó sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, orí kálukú ló bà lé, kò bà lé Peteru nìkan. Bó bá jẹ́ ẹnu ẹnì kan ni Ìjọ ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n pa ẹni náà ni ì bá parí." Ó yíjú sí Jẹ́jẹ́. "Ìwọ ló ni ín. Ṣé o ṣì fẹ́ ṣe é, àbí ká fi sílẹ̀?"

Jẹ́jẹ́ ronú. "Mo f-fẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni kó máa b-bá mi sọ ọ́. Kì í ṣe ẹnì kan."

"Èmi ńkọ́?" ni Rédíò bi í.

"Dúró níkangun," ni Jẹ́jẹ́ wí.

Ojú ọ̀nà ilé ìwòsàn ni wọ́n ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ní yàrá gígùn tí àwọn aláìsàn sùn sí, Jẹ́jẹ́ dúró sáàárín bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀, ohùn mọ́kànlá sì rọra gbé e láti ẹ̀yìn. Kò lọ geere bíi tìgbà ìdánrawò. Ó há níbì kan, wọ́n dúró dè é, wọ́n jọ tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, ìyá arúgbó kan gbé orí díẹ̀ sórí ìrọ̀rí, ó béèrè ní èdè tí Rédíò kò gbọ́ rí. Gbogbo wọn mọ ohun tó ń béèrè. Jẹ́jẹ́ sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó dá a lóhùn, àwọn tó kù sì bá a sọ ọ́.

Rédíò wà níkangun, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń sọ ọ́ sábẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù. Ẹni tó bá tẹ́tí kò lè mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú ohùn mọ́kànlá náà. Ìlara ti sọ fún un pé ẹni tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Irọ́ ni. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń báni gbé ẹrù kò gbọdọ̀ yọwọ́ lójijì nítorí pé orí ẹlòmíràn ni wọ́n ń kí. Nígbà tí wọ́n jáde, Jẹ́jẹ́ àti Lọ́yà ló jọ ń rìn níwájú. Rédíò tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ó mọ̀ pé yóò pẹ́ díẹ̀ kí Jẹ́jẹ́ tó tún pe òun ní bọ̀dá.