Ẹni Tó Gba Míńírà Lọ́wọ́ Àlhájì

Ọ̀sán gangan ni wọ́n bá Àlhájì Yúnúsà, alálùbọ́sà, nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mile 12. Ó ti dákú. Ìgò míńírà fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aṣọ ọrùn rẹ̀ sì rin gbindin fún òógùn. Mutolib, tí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ kángun sí i, ló bẹ̀rẹ̀ tì í, tó ń yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ará ọjà rò pé àpò rẹ̀ ló ń tú. Ṣebí wọ́n ti gbọ́ tí Àlhájì ń bú u láìpẹ́ sígbà náà, àwọn méjèèjì sì ti ń du oníbàárà mọ́ra wọn lọ́wọ́ tipẹ́. Wọ́n ní ìgò ló là mọ́ ọn lórí.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Àyànbọ́lá dé, ó wọ̀tún wòsì, ó kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Mutolib lọ́wọ́. Mutolib fẹ́ sọ̀rọ̀, ọlọ́pàá náà ní kó gbẹ́nu dákẹ́. Ogún ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ló ń gùn ún lọ́jọ́ náà.

Ní ilé ìwòsàn, Dókítà Dorothy sọ fún Àyànbọ́lá pé kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára Àlhájì.

"Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ló já wálẹ̀. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ láàárọ̀, wọn ò jẹun. A ti fa ṣúgà sí wọn lára, wọ́n á jí."

"Mo rò pé ṣúgà tó pọ̀ jù ló ń pa alátọ̀gbẹ ni?"

"Ìyẹn máa ń fi ọjọ́ mélòó kan kóra jọ, pẹ̀lú òùngbẹ àti ìtọ̀ ṣáá. Èyí tó bá já wálẹ̀, kíá ni. Ara á máa gbọ̀n, òógùn á bo èèyàn, ẹni jẹ́jẹ́ á máa bínú, á máa sọ ìsọkúsọ. Bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, kí wọ́n fún un ní nǹkan dídùn. Bó bá ti dákú, kí wọ́n má da nǹkan kan sí i lẹ́nu. Kí wọ́n yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n sáré gbé e wá."

Kí wọ́n yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí wọ́n bá Mutolib tó ń ṣe gan-an nìyẹn. Àyànbọ́lá pe àgọ́ ọlọ́pàá, ó ní kí wọ́n fún Mutolib ní fóònù.

"Ẹ ẹ̀ jẹ́ n sọ̀rọ̀, ọ̀gá," ni Mutolib wí. "Àtọ̀gbẹ ló pa màmá mi. Bí Àlhájì ṣe ń bú mi, mo rí i pé ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Mo ra míńírà, mo fi lé wọn lọ́wọ́, mo sáré lọ wá mọ́tò. Kí n tó dé, ìgò ti fọ́, wọ́n ti wà nílẹ̀."

Kàdíjátù, ìyàwó Àlhájì, jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Àyànbọ́lá kí i, ó bi í níbi tó wà lọ́sàn-án.

"Ilé ni mo wà, n'Íkòsí. Wọ́n kàn pè mí pé Àlhájì ṣubú ni. Ìkà ni Mutolib yẹn. Ó mọ̀ pé wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, ó tún lọ ra míńírà fún wọn."

Àyànbọ́lá jókòó tì í.

"Àlhájà, gbogbo ọjà ló rò pé ìgò yẹn ni Mutolib fi lù wọ́n. Èmi gan-an, ìsinsìnyí ni mo gbọ́ pé òun ló rà á. Ta ló sọ fún yín, bí kì í bá ṣe Àlhájì fúnra wọn, kí wọ́n tó dákú?"

Obìnrin náà fi ìborùn bo ojú.

"Àwọn nọ́ọ̀sì ní wọn ò gbọdọ̀ fẹnu kan nǹkan dídùn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń ṣọ́ wọn. Mo yà kí wọn lọ́jà, mo bá míńírà lọ́wọ́ wọn, mo gbà á. Wọ́n ń bẹ̀ mí, ọ̀gá. Mo rò pé ọ̀kánjúwà ni. A jọ fà á, ó bọ́, ó fọ́. Bí wọ́n ṣe ṣubú, ẹ̀rù bà mí, mo sá."

"Ẹ sì dákẹ́ títí a fi ti Mutolib mọ́lé."

"Ojú ló tì mí. Gbogbo ọjà ló mọ̀ mí sí ẹni tó mọ ọkọ tọ́jú."

Nínú gbogbo èrò ọjà, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ohun tó yẹ kó ṣe, òun náà ni Àyànbọ́lá sì mú. Ojú tì í débi pé kò lè wo obìnrin náà.

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n wọlé, Àlhájì ti lajú.

"Mutolib dà?" ni Àlhájì wí. "Ó ra míńírà fún mi. Ẹ bá mi pè é, kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Àyànbọ́lá ṣí fìlà.

"Ó wà látìmọ́lé, Àlhájì. Èmi ni mo tì í mọ́lé."

"Nítorí kí ni?"

Kàdíjátù kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé èmi ni."