Ìkìlọ̀ Tí Ará Etí Odò Kò Gbàgbọ́

Ọjọ́ náà mọ́ bí ọjọ́ gbogbo ṣe ń mọ́ nílé iṣẹ́ rédíò tí owó orí ará ìlú ń bọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù yàrá ìròyìn ń ké bí ẹni tí ikọ́ há lọ́fun, tíì ń tutù nínú ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, obìnrin tó ń ka ìròyìn àárọ̀ sì jókòó, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ fóònù rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Olóhùn-Iyọ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ náà nígbà tó ṣì ń kàwé nílé wọn, àwọn olùgbọ́ rédíò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Tó bá ní òjò máa rọ̀, àwọn èèyàn á ti máa ká aṣọ wọn kí ojú ọjọ́ tó ṣú. Tó bá ní wọ́n ti dí ojú ọ̀nà kan, àwọn awakọ̀ á gba ọ̀nà mìíràn, wọn ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ṣùgbọ́n ó tún ní ojú ewé kan lórí ayélujára, níbi tí èrò ń tẹ̀ lé e bíi omi. Àsìkò ìbò ti dé, ẹnu rẹ̀ ò sì gbélé níbẹ̀. Ohun tó kọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìyí: "Àwọn ará etí odò ló ń ba ìbò ìlú yìí jẹ́. Búrẹ́dì lásán ni wọ́n fi ń rà wọ́n. Ọdún tí wọn ò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ ìbò ni ìlú yìí máa tó rí ara gbà."

Ọ̀gá yàrá ìròyìn rìn wá bá a, ó ti ti awò ojú rẹ̀ sókè orí.

"O tún ti kọ ọ̀rọ̀ ìbò."

"Ojú ewé tèmi ni, ọ̀gá. Mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé èrò ara mi ni, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́."

"Ta ló ń ka ìyẹn? Ẹni tó gbọ́ ẹ láàárọ̀ náà ló ń ka ọ̀rọ̀ ẹ lọ́sàn-án. Kò ní etí kan fún rédíò, kó ní òmíràn fún ìwọ. Dìbò fún ẹni tó wù ẹ́, àárín ìwọ àti àpótí ìbò nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí o bá fi ẹnu tí o fi ń ka ìròyìn bú ìdajì ìlú, ìdajì náà á di etí wọn sí ẹ. Ọjọ́ tí a bá wá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ńkọ́?"

"Òótọ́ ọ̀rọ̀ kì í ṣe èébú, sà."

"Pa á rẹ́."

Ó ní òun ti gbọ́. Kò pa á rẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, olùdíje tó fẹ́ràn ti gbé ọ̀rọ̀ náà sójú ewé tirẹ̀, inú Olóhùn-Iyọ̀ sì dùn bíi ti ẹni tí ọba kí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè é. Káfíńtà ni, etí odò ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

"Èló ni wọ́n ra búrẹ́dì tèmi?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

"Bùọ̀dá mi, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bá wí."

"Ibo ni mò ń gbé?"

Ó ní kó jẹ́ kí òun ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ò dúró gbọ́.

"Pákó tí mo là ló rán ẹ níléèwé. Etí odò yìí ni mo ti là á." Ó pa fóònù.

Olóhùn-Iyọ̀ sọ fún ara rẹ̀ pé tí ìbò bá ti lọ, òun á ra ẹ̀bùn lọ bẹ̀ ẹ́. Ọmọ ìyá kì í bínú títí láé.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n dìbò, òjò ńlá rọ̀ lókè odò. Àwọn tó ń ṣọ́ odi tí wọ́n fi sé omi pe ilé iṣẹ́ rédíò pé odi náà ti ń sán, àwọn ò ní ṣàì ṣí ẹnu rẹ̀, omi á sì bo gbogbo etí odò kí ọjọ́ tó rọ̀. Ọ̀gá wo Olóhùn-Iyọ̀, ó sì wo ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tó ń retí pé kí ẹlòmíràn wọlé.

"Bóyá ká wá ẹlòmíràn kà á."

"Ohùn tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n máa gbọ́, sà," ló sọ, ó sì wọ sítúdíò lọ.

Ó kà á dáadáa. Ó ní kí wọ́n má dúró kó ẹrù, kí wọ́n gbé àwọn ọmọdé àti arúgbó, kí wọ́n gba orí afárá lọ sí apá òkè. Ó tún un kà, ó tún un kà. Nígbà tó jáde, fóònù rẹ̀ ti ń dún. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

"Ọkọ mi," bó ṣe máa ń pè é nìyẹn, "ẹ má tàn mí. Ṣé omi ń bọ̀ lóòótọ́?"

"Ó ń bọ̀. Ẹ pọn ọmọ, kí ẹ máa bọ̀ nílé mi."

"Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò ti dí ẹnu afárá. Wọ́n ní ẹ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹ ò fẹ́ ká wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìbò, pé ọgbọ́n tí ẹ wá dá rèé. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ wà lórí fóònù gbogbo wọn, wọ́n ń kà á fún ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni tó bá kúrò ti ta ìbò rẹ̀."

"Ẹ fún bùọ̀dá ní fóònù."

Ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó tún ń gbọ́ ọmọ náà lẹ́yìn, tó ń sín in jẹ bó ṣe máa ń ní "Ìròyìn rèé" lórí rédíò: "Ìyìn èé, ìyìn èé."

"Ó ní òun ò bá yín sọ̀rọ̀. Ó ní tó bá jẹ́ òótọ́ ni, ẹlòmíràn á wá sọ ọ́."

Ìgbà yẹn ló tó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lójú ewé rẹ̀. Ó kọ òmíràn, ó bẹ̀ wọ́n, ó fi Ọlọ́run búra. Èsì àkọ́kọ́ tó rí ni: "Èló ni wọ́n san fún ẹ?" Ó ju fóònù sínú mọ́tò, ó wa eré lọ sí afárá.

Wọ́n dá a mọ̀. Wọ́n yí mọ́tò rẹ̀ ká, ọ̀kan nínú wọn sì fi ọwọ́ gbá orí mọ́tò náà. "Ẹ ti fúnra yín wá kó wa ni, àbí?" Ó bọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kàn pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun jáde. Ọ̀kan ń fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni ẹnì kan ti ní kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n wo odò.

Omi náà ò pariwo bí èèyàn ṣe rò. Ó dé bí àlejò tó mọ ilé, ó pupa, ó gbé ilẹ̀kùn àti àga dání. Àwọn tó dí afárá ló kọ́kọ́ sá gòkè, Olóhùn-Iyọ̀ sì bá wọn sá. Láti òkè ló ti ń wo àwọn òrùlé bí wọ́n ṣe ń rì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin tó gbá orí mọ́tò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń pe orúkọ ìyá rẹ̀.

Wọ́n rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàyè lórí òkìtì pákó tó há sára igi. Nígbà tí omi fà, wọ́n rí ìyàwó rẹ̀. Ọmọ náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀já tó fi pọ̀n ọ́n kò tú.

Wọ́n dìbò níbi tó kù nínú ìlú. Olùdíje Olóhùn-Iyọ̀ ló wọlé, ó sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé òun dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú ewé rẹ̀, àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún un tẹ́lẹ̀ ń ṣe yẹ̀yẹ́: "Omi ti bá wa dìbò." Òmíràn kọ ọ́ pé, "Ohun tí o wí ló ṣẹ." Ó kà wọ́n tán, ó ti ojú ewé náà pa.

Ilé iṣẹ́ dá a dúró. Kò bá wọn jiyàn. Ọ̀gá jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀ pé òun náà jẹ̀bi, pé ọjọ́ tí Olóhùn-Iyọ̀ kọ̀ láti pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ ló yẹ kí òun ti mú un kúrò nídìí gbohùngbohùn. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá náà kó tó fẹ̀yìn tì.

Olóhùn-Iyọ̀ wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn iléèwé tí wọ́n kó àwọn tó yè sí. Ó gbé aṣọ dání. Orí ẹní ni ọkùnrin náà jókòó sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú. Kò bú u, kò sì sunkún.

"Mo gbọ́ ẹ," ló wí. "A tan rédíò sókè. Ìyàwó mi ní ká lọ. Èmi ni mo ní ká dúró. Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló kà á, à bá ti lọ. Mò ń rò ó láàárọ̀, mò ń rò ó lálẹ́, ibì kan náà ni mò ń dé."

"Bùọ̀dá mi..."

"Fi aṣọ náà fún àwọn tó wà níwájú. Kí o má wá mọ́."

Kò sì tún bá a sọ̀rọ̀ títí di òní.

Ẹ̀yin tí ará ìlú fi owó orí wọn san owó oṣù yín kí ẹ lè máa bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀, kò sí ẹnu ilé, kò sí ẹnu iṣẹ́. Ẹnu kan náà ni. Ẹ ní ẹ̀tọ́ sí èrò yín. Ẹ gbé e dé inú àpótí ìbò, kí ẹ fi í síbẹ̀. Kí ọ̀gá tó rí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ má sì wulẹ̀ kìlọ̀ kó kọjá lọ.

Ẹ̀yin olùgbọ́ náà, a mọ̀ pé ẹnu tó ti bú yín ṣòroó gbà gbọ́. Ẹ pe àwọn panápaná, ẹ bi ará òkè odò léèrè, ẹ tan ilé iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ máa rìn bí ẹ ṣe ń béèrè. Tó bá jẹ́ irọ́ ni, ẹ ó padà wálé, ẹ ó bú ẹni tó pa á, ẹ ó sì dìbò yín lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó kú ò lè bú ẹnikẹ́ni, kò sì lè dìbò.