Swíìṣì Wà ní Pípa

Ọ̀sán gangan ni wọ́n bá òkú ìyá àgbà kan nílẹ̀ pálọ̀ ọmọ rẹ̀. Àga onírin ṣubú lé e lẹ́sẹ̀, gílóòbù tó ti jó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ nù ò tíì gbẹ. Swíìṣì wà ní pípa, síbẹ̀ iná gbé e.

Ìsípẹ́kítọ̀ tí àwọn ọ̀daràn ń pè ní Ẹ̀gún Ẹja lé gbogbo èèyàn síta, ó tilẹ̀kùn, ó tú swíìṣì wò, ó sì dè é padà. Nígbà tó pè wọ́n wọlé, kò sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de oníṣẹ́ iná tó fa wáyà ilé náà lọ́wọ́. Gbogbo àdúgbò ti dá a lẹ́bi tán.

"Báwo lo ṣe fa iná àjà yìí?" ni Ìsípẹ́kítọ̀ bi í.

"Ọ̀gá, ọ̀nà méjì ló wà. Èèyàn lè kọ́kọ́ gbé iná lọ sí àjà, kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wá sí swíìṣì. Ìyẹn yá ṣe, àmọ́ tẹ́ ẹ bá pa swíìṣì, iná ṣì wà lókè. Ìyàwó ilé ní òun ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo wá jẹ́ kí wáyà pupa, tí iná wà nínú ẹ̀, gba inú swíìṣì kọjá, mo so dúdú, tí kò ní iná, pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ó gba òkè lọ. Tẹ́ ẹ bá ti pa á, òkè kú pátápátá nìyẹn."

"Ta ló kun ògiri?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ti lọ kí wọ́n tó kùn ún."

Ìsípẹ́kítọ̀ yíjú sí ìyàwó ilé. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi yan ti swíìṣì?"

"Torí èmi ni mò ń pààrọ̀ gílóòbù, sà. Ọkọ mi kì í gun àga." Ẹkún gbà á. "Màmá ló ní kí n sinmi lónìí."

Ọkọ rẹ̀ fò dìde. Ó ti sunkún ìyá rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi wú, ẹkún náà kì í sì í ṣe ẹ̀tàn. "Kí lẹ tún ń bi í sí? Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé! Òpònú tó ki wáyà dúdú bọ swíìṣì, tó wá so pupa gba òkè lọ, kí lẹ tún fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀?"

Ìsípẹ́kítọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò ṣàánú rẹ̀ rárá.

"Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ. Ohun tí mo bá nínú swíìṣì gẹ́lẹ́ lo sọ yẹn, kò sì sẹ́ni tí mo sọ ọ́ fún. Ẹni tó kun ògiri kun síkúrù tó de swíìṣì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọ̀dà ti bó lórí wọn kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹnì kan tú u lẹ́yìn tí oníṣẹ́ iná ti lọ, ó gbé dúdú sípò pupa. Gílóòbù á kú, àmọ́ iná á máa dúró de ọwọ́ lókè. Ọwọ́ ta ni? Ìyàwó ẹ. Obìnrin tó ò ń yọ́ rí ti yan kọ́tìnnì pálọ̀ yìí tán. Mo kà á nínú fóònù ẹ tó o fi sílẹ̀ níbí nígbà tí mo lé yín síta. O dẹ pańpẹ́ fún ìyàwó, ìyá ẹ ló kó sí i."

Wọ́n tú oníṣẹ́ iná sílẹ̀, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà sọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Kò tilẹ̀ wò ó. Ó ṣubú lé ẹsẹ̀ òkú.

"Màámi! Ta ló ní kẹ́ ẹ gun àga? Òun ló yẹ kó gùn ún! Òun ni!"

Ìyàwó rẹ̀ dúró tì wọ́n, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ni Ìsípẹ́kítọ̀ wí fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, "bó ṣe sọ ọ́."