Ilé Àtùpà Tó Kúrò ní Igun Ọ̀nà

Mi ò kàwé púpọ̀, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ohun tí ojú mi rí ni mo kọ síhìn-ín. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó bi Polikseni. Ó ṣì wà láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í kí mi mọ́.

Ní igun ọ̀nà tó wà lẹ́yìn ọgbà ólífì mi ni ọkọ̀ akẹ́rù Argiris, ọmọ ọmọ mi, àti alùpùpù Lefteris, ọmọ Polikseni, ti kọlu ara wọn nígbà ìkórè. Lefteris kú. Argiris fi orí gbá ọkọ̀, ó dákú. Nígbà tó jí, kò rántí nǹkan kan. Kò sì sí ẹni tó rí bó ṣe ṣẹlẹ̀; èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni adájọ́ ń wá: ta ló kọjá ìlà funfun àárín ọ̀nà? Tó bá jẹ́ Argiris ni, ẹ̀wọ̀n ni. Àfọ́kù gíláàsì tí ọlọ́pàá bá nílẹ̀ wà ní apá òkun, ojú ọ̀nà Argiris. Ìyẹn ni pé Lefteris ló yà wá bá a.

Polikseni kò gbà. Níbi tí ọkọ̀ bá ti pa èèyàn, ibẹ̀ la máa ń ri ilé àtùpà mọ́: ilé onírin kékeré lórí ẹsẹ̀ kan, tó ní ilẹ̀kùn gíláàsì, fìtílà àti àwòrán òkú nínú rẹ̀. Polikseni ri tirẹ̀ sí apá òkè, ojú ọ̀nà ọmọ rẹ̀. Ó fi símẹ́ńtì dè é.

"Ibí lọmọ mi ti kú," ó ní. "Kí adájọ́ wá wò ó."

Nígbà tí ooru dé, lọ́sàn-án Ọjọ́ Ajé kan, tí gbogbo abúlé ti ti fèrèsé tí wọ́n ń sùn, ẹnì kan ń gbá ilẹ̀kùn mi.

"Ìyá Asimina! Ta ló gbé e?"

"Gbé kí ni?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o!"

Mo tẹ̀lé Polikseni. Ilé àtùpà ti wà ní apá òkun. Símẹ́ńtì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sán. Mo wo apá òkè. Kò sí ihò níbẹ̀. Koríko ló wà níbẹ̀, koríko gbígbẹ, bí ẹni pé a ò gbẹ́lẹ̀ ibẹ̀ rí.

"Polikseni, ẹni àádọ́rin ọdún ó lé mẹ́rin ni mí," mo ní. "Garawa omi gan-an, Argiris ló ń bá mi gbé e."

Kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́yà wa ní ìlú Kalamata gbọ́, inú rẹ̀ dùn. "Màmá, òkú fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí fún wa!" Ó ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Èmi ò lè fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo mọ ojú ibi tí ilé náà dúró sí: ibi tí wọ́n ti bá gíláàsì gan-an ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà mi. Lọ́jọ́rú, ó wà nínú àgbàlá, lẹ́bàá kànga. A kì í rí i kó máa rìn. Àwọn kòkòrò tó ń dún lórí igi á kàn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Gíláàsì kékeré á gbọ̀n. Tá a bá yíjú, ó ti súnmọ́ wa.

Lọ́jọ́bọ̀, ọkùnrin tí adájọ́ rán wá wọn ọ̀nà dé. Polikseni tẹ̀lé e. Mo gbé kọfí fún ọkùnrin náà. Kò béèrè nǹkan kan nípa ilé àtùpà. Ó rò pé tiwa ni.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ débẹ̀. Níbo lẹ bá gíláàsì?"

"Apá òkun."

Ẹnì kan ṣáná sí alùpùpù láàárín àgbàlá. Kò sí alùpùpù níbẹ̀. Ó ń kùn jẹ́jẹ́, bíi ti ẹni tó ń dúró de ẹni tó fẹ́ gbé. Òórùn epo ọkọ̀ gba imú mi. Ọkùnrin náà ń kọ̀wé lọ.

Argiris, tó jókòó tì wá, gbójú sókè. "Màmá àgbà, ta ló ń bọ̀?"

"Apá òkè ló wà," mo ní. "Èmi ni mo fi ìgbálẹ̀ gbá a wá sí apá òkun, kí ọlọ́pàá tó dé."

Bíírò ọkùnrin náà dúró. Argiris wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí.

Mo rò pé ẹ́ńjìnnì náà á dákẹ́. Kò dákẹ́. Polikseni súnmọ́ mi. Ojú rẹ̀ gbẹ.

"Ìyá Asimina, ẹ gbálẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó pe èèyàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọmọ mi ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń mí?"

"Rárá," mo ní. "Ó ti kú."

Ẹ́ńjìnnì náà ké lẹ́ẹ̀kan. Ó kọjá lára mi. Ó wọnú ilé.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n dá fún Argiris. Polikseni fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ilé àtùpà padà sí apá òkè. Ilé náà ò tíì kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ẹ́ńjìnnì ni kò bá a lọ. Yàrá mi ló wà, lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Kì í pariwo. Tí mo bá tẹ́tí sí i dáadáa, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì rárá.

Ó ń mí.